Ìjì àti Táyà Méjì Tí Kò Jọra

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ni àbúrò ìyàwó mi jẹ mí lọ́jọ́ tó tún fẹ́ wá yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lé e. Ìjì ni gbogbo ayé ń pè é. Láti kékeré ló ti ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, kò sì sí ibi tó ń dé lásìkò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fi alùpùpù gbé ẹyin láti oko adìẹ tó wà lẹ́yìn òkè lọ sí ilé búrẹ́dì nínú ìlú. Alùpùpù náà fúyẹ́, ó ga, ó sì tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke. Wọ́n ṣe é fún títì, wọ́n ṣe é fún igbó. Òkè ẹlẹ́rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà ló kan títì ọlọ́dà gbọọrọ. Owó mi ló fi ra táyà méjì tí kókó ara wọn dà bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ó tún pààrọ̀ irin eléyín tó wà lẹ́yìn, èyí tí ṣéènì ń yí, ó fi ràbàtà síbẹ̀. Bí irin ẹ̀yìn bá ṣe tóbi sí ni agbára ń pọ̀ sí, tí eré sì ń dín kù. Ni Ìjì bá ń gun òkè bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sórí títì, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ, kókó táyà á máa lu ọ̀dà, ẹyin á máa gbọ̀n. Kó tó dé ìlú, ìdajì ẹrù ti di omi.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ò pariwo. Ó kàn nu ìka rẹ̀, ó ní:

"Àbúrò, ẹyin ni mo ní kó o gbé wá, mi ò ní kó o bá mi pò ó. Tí ti ọjọ́ Ajé bá tún fọ́, má wulẹ̀ wá mọ́. Ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó ní ọkọ̀."

Ilé búrẹ́dì yẹn nìkan sì ni owó ti ń wọlé fún Ìjì. Tí ibẹ̀ bá ti tì, owó èmi náà wọgbó nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi sí i," ló wí. "Táyà títì ni mo fẹ́ rà báyìí, pẹ̀lú irin eléyín kékeré, kí n lè máa sáré."

"Ẹyin náà ló bẹ̀ ọ́ pé kó o sáré?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ nípa alùpùpù."

"Mo mọ̀ nípa owó. Kò sí."

Mo rántí táyà àlòkù kan ní ṣọ́ọ̀bù onítáyà, owó rẹ̀ ò ju ti búrẹ́dì mẹ́ta lọ. Ó ti pá bí orí mi, mo sì rà á. Mo ní ká fi sí ẹ̀yìn, ká sì gbé èmi dípò ẹyin, ká dán an wò. Lórí títì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Lórí òkè, táyà yọ̀, ó yí, ó sì da èmi àgbàlagbà sínú ẹrẹ̀ pátápátá.

Ìjì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn kó tó fà mí dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹrù ti fọ́ o!"

Láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń wo alùpùpù náà. Orí táyà ẹ̀yìn ni ẹrù jókòó lé; ti iwájú kàn ń darí ni.

"Jẹ́ kí iwájú máa wọ kókó rẹ̀," mo ní. "Òun ló ń wá ọ̀nà nínú ẹrẹ̀. Ti ẹ̀yìn, wá èyí tí kókó rẹ̀ kúrú, tó sì sún mọ́ra. Dá irin ẹ̀yìn àtijọ́ padà. Irin eléyín kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì níwájú ni kó o pààrọ̀, kó o fi èyí tó fi eyín kan ṣoṣo dín sí i. Agbára á wà, eré náà ò sì ní kú."

"Kí táyà méjì má jọra? Àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní mo wọ bàtà sí ọ̀tún, mo wọ sálúbàtà sí òsì."

"Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ló ń ra ẹyin?"

Onítáyà gba táyà ẹlẹ́yìn ọ̀nì kan àti irin ràbàtà yẹn, ó fi èyí tá a fẹ́ dípò. Kọ́bọ̀ mìíràn ò kúrò lápò mi. Táyà tó pá nìkan ló kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò gbà padà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Ẹni tó ní owó lóde kì í sùn. Ìjì dé, ẹrẹ̀ bò ó dé ìpéǹpéjú, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń ṣí kéréètì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ẹyin kan sókè. Ó ti sán.

Ìjì yára sún mọ́ ọn.

"Mà, adìẹ ló yé ìyẹn bẹ́ẹ̀."

"Adìẹ náà ń gun alùpùpù ni?" Ó fọ́ ọ sínú ìyẹ̀fun, ó yẹ ìyókù wò títí dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn pé. "Ó dáa. Máa gbé e wá. Ṣùgbọ́n kó o máa bọ́jú kó o tó wọlé mi."

Díẹ̀díẹ̀, Ìjì san owó mi títí ó fi ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ìyàwó mi ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò béèrè ìyókù. Lánàá, àbúrò rẹ̀ wá jókòó sí pálọ̀ wa, ó ní òun rí páìpù èéfín kan tó ń dún bí ti àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìje.

"Ẹ̀gbọ́n, owó táṣẹ́rẹ́ ni."

"Kọ́kọ́ san ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi ná."

Ó họrí, ó ní òun ń bọ̀. Mo ń gbàdúrà kó má tètè rí owó náà.