Amọ̀ Inú Ìgò

Ọmọ mi gbé ìgò omi kan tí wọ́n bu nǹkan dídán sí dé láti ilé ìwé. "Mọ́mì, ẹ mì ín, kí ẹ máa wò ó títí á fi tòrò. Ọkàn yín á balẹ̀." Inú bí mi.

Ìgò oyin ni ìyá mi fi kọ́ mi nírú ẹ̀ ní Ọ̀fà. Iyanrìn la máa ń dà sómi tí mo bá ń sunkún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, amọ̀ ni wọ́n ní kí n bù sí i.

"Kó tó tòrò, màá ti dé."

Mo tẹjú mọ́ ìgò. Rélùwéè fọn fèrè, n ò gbójú sókè. Ọkọ̀ yẹn ló gbé wọn lọ pátápátá. Amọ̀ kì í tètè jẹ́ kómi tòrò, wọ́n sì mọ̀.

Nígbà tó tòrò tí n ò rí wọn, mo tún ìgò náà mì. Mo ṣebí èmi ni mo kánjú.