Ẹni Tó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ ní Padova

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Barriera di Milano, àdúgbò wa ní Turin, nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ rò pé Turin ń dán bíi dígí, ẹ wá dúró ní ibùdókọ̀ wa lásìkò òtútù: kùrukùru bolẹ̀, atẹ́gùn ń bu ènìyàn létí jẹ. Ọmọ mi obìnrin ké láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Papà, la porta! Fa freddo!" Kí n pa ilẹ̀kùn dé, òtútù ń wọlé. Ó dìgbòóṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Tóyìn, àbúrò ìyàwó mi, ni mò ń lọ ní Padova. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Scrum. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ náà, kì í buni jẹ. Wọ́n á pín iṣẹ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni sprint. Bí ọ̀kan bá parí, wọ́n á pe àwọn tí yóò lò ó wá, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sọ ibi tó dùn àti ibi tó korò. Ìyẹn ni review, bí ìgbà tí a bá ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ti ọjọ́ yẹn, ti ẹgbẹ́ tí Tóyìn ń darí, kì í ṣe eré. Bí ọbẹ̀ náà bá dùn, wọn á sọ contratto Tóyìn, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, dọ̀tun. Bí kò bá dùn, iṣẹ́ tán, permesso rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú, yóò sì máa mì.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin Porta Susa, mo fi yúrò kan àbọ̀ ra kọfí tó kéré bí òògùn ikọ́. Ìdúró ni wọ́n ń mu ún, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Mo pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Milano. Ní Brescia, èéfín ilé iṣẹ́ irin nìkan ni mo rí. Adágún Garda tí wọ́n ní ó lẹ́wà, kùrukùru ló bò ó.

Tóyìn kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi ní Padova, ó sì fi tramezzino yúrò mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, búrẹ́dì tí wọ́n ti bó èèpo ara rẹ̀.

"Ta ló ń bó búrẹ́dì bí iṣu?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ gbẹ.

Ètò tí wọ́n ṣe máa ń fi ẹnu ọ̀nà tí awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù yóò ti já ẹrù hàn án lórí fóònù. Awakọ̀ méjì tó ti lò ó ń bọ̀, direttore, ọ̀gá àgbà tó ni ìpinnu, náà ń bọ̀.

Mo ní, "Jẹ́ kí àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Direttore ni kó gbẹ̀yìn."

"Há, Bùrọ̀dá! Bàbá olórí ewú jókòó, kí n máa pe awakọ̀ ṣáájú rẹ̀? Kí wọ́n lè ní wọn ò kọ́ mi nílé?"

"Ó dáa, ọ̀gá mi." Àlejò ni mí.

Nínú yàrá ìpàdé, ètò náà ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀. Tóyìn tẹrí ba: "Prego, direttore." Kí ọ̀gá máa wí.

Bàbá náà fi ìka kan ti fóònù padà. Ó ní àwọn awakọ̀ kò nílò rẹ̀, pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti tó wọn. Tóyìn wá bi àwọn awakọ̀ léèrè. Bàtà wọn ni wọ́n ń wò.

"Va bene così," ọ̀kan ní. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Direttore wọ kóòtù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣíwọ́, òpin oṣù ni ẹgbẹ́ yóò túká.

Níta, awakọ̀ kan náà tan sìgá. Ó sọ fún Tóyìn pé láti ìgbà tí òun ti ń lò ó, òun kì í dúró sínú òjò béèrè ọ̀nà mọ́, òun sì ń bá àwọn ọmọ òun jẹun alẹ́.

Tóyìn ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Direttore ti sọ̀rọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún ìyàwó mi. Ó gbé àwo ìrẹsì méjì kalẹ̀, kò sì jókòó.

"Bàbá Ìtùnú, nígbà tí Tóyìn fẹ́ wá síbí, ẹbí ṣèpàdé. Òun ló kéré jù. Bàbá wa kò la ẹnu títí Tóyìn fi sọ tinú rẹ̀ tán. Wọ́n ní bí àwọn bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìpàdé ti tú nìyẹn."

Fóònù mi dún. Tóyìn ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo tò jọ nínú ọkọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Mo gbé ìpè náà, mo sì fi fóònù sáàárín àwo ìrẹsì méjèèjì. A dákẹ́. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí èémí rẹ̀.