Rẹmọ́ọ̀kì Tó Ń Fì

Lọ́jọ́ tí mo kó lọ sí Sokodé, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló fa rẹmọ́ọ̀kì, ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí a kó iṣu àti kẹ̀kẹ́ méjì sí láti Kambolé. Màmá wa bá wa lọ. Kò pẹ́ tí a kúrò ní Tchamba ni rẹmọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í fì lẹ́yìn wa. A dúró.

"Ẹ̀yìn lẹ kó gbogbo iṣu sí," ni màmá wí. "Ẹ gbé púpọ̀ rẹ̀ síwájú, kí ẹ sì de táyà kẹ̀kẹ́ kó má yí."

A ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin. Nígbà tí a dé ilé mi tuntun ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, okùn kan kò tú. Mo ní kí màmá lọ sinmi, àmọ́ wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n ń yí àgbàlá ká. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n gùn.