Ìyá Fọ́tò àti Kámẹ́rà Onyinyechi

Tàwàkálítù ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Fọ́tò ni tọmọdé tàgbà ń pè é ní Ajégúnlẹ̀. Láti ayé fíìmù ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò yíyà. Ó ti ya ọmọ ìkókó, ó ti ya òkú, ó sì ti ya awakọ̀ kan tó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun yọ ikùn òun kúrò nínú fọ́tò. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú bérébéré, àmọ́ ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ojú yẹn ló fi ń rí àwọn ènìyàn mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Onyinyechi já wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọmọbìnrin yìí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó tó ṣe fúrídọ̀mù, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló sì fẹ́ràn láti máa yà. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Màámi, mo ti rí kámẹ́rà o! Fúùlù-fíréèmù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má baà lù mí ní jìbìtì."

Ìyá Fọ́tò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Nínú kámẹ́rà kéékèèké tí àwọn méjèèjì ń lò, ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kò fẹ̀ rárá. Ti irú èyí fẹ̀ tó ojú fíìmù àtijọ́ gẹ́lẹ́, á sì máa ríran nínú òkùnkùn bí ológbò. Itọ́ sáré sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì.

"Tí a bá débẹ̀, má pè mí ní ọ̀gá," ó ní. "Ìyá rẹ tó wá láti oko ni mí."

Usamah ló ń ta kámẹ́rà náà, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Malu Road. Ọjà tòkunbọ̀ ló ń tà, ó sì máa ń wọ awò dúdú nínú ilé.

"Mama, ẹ wò ó," ó ní. "Bàbá arúgbó òyìnbó kan ló ni ín. Òdòdó ọgbà rẹ̀ nìkan ló fi ń yà. Kò tíì ya ju fọ́tò ẹgbẹ̀rún méjì lọ, mo búra."

"Áà, ọmọ mi, o ṣé o. Níbo ni wọ́n ti ń ki fíìmù bọ̀ ọ́?"

Usamah rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Mama, fíìmù ti kú, wọ́n ti sin ín!" Onyinyechi gbójú sókè, ó ń ka páànù àjà.

"Jẹ́ kí n fi ṣeré díẹ̀," ni Ìyá Fọ́tò wí.

Bó ti gba kámẹ́rà náà báyìí, àfi bíi pé wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí àwọn bọ́tìnnì. Ó dín ojú lẹ́ńsì kù pátápátá, ó ya ògiri funfun tó wà ní òdìkejì, ó fà á tóbi. Àmì dúdú kéékèèké mẹ́ta wà lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, eṣinṣin wo rèé?"

"Eruku lásán ni, Mama. A ó nù ún." Ẹ̀rín rẹ̀ ti ń dín kù.

Ìyá Fọ́tò fi ìborùn rẹ̀ bo lẹ́ńsì, ó ya òkùnkùn, ó wò ó bóyá nǹkan kan ń tàn níbi tí kò yẹ kó ti tàn. Kò sí. Ó yọ lẹ́ńsì, ó gbé e sí oòrùn, ó wò ó bóyá ó ti hu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Kò hu. Lẹ́yìn náà ló wá wọ ibi tí kámẹ́rà ti ń ka iye fọ́tò tó ti yà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá yìí mà fẹ́ràn òdòdó o! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án àti méje ló yà!"

Kí Usamah tó wá àwíjàre, Ìyá Fọ́tò ti ní kó yọ awò, ó sì ti yà á. Ó fà á tóbi. Gbogbo òógùn iwájú orí rẹ̀ hàn kedere, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà tó fi pa ewú ẹ̀bá etí rẹ̀.

"Kámẹ́rà kò purọ́," ni Ìyá Fọ́tò wí. "Ẹni tó ń tà á ni."

"Mama, ta ni yín gan-an?" Ẹ̀rín pa Usamah fúnra rẹ̀. Ó já owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, Onyinyechi san án, Usamah sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan láti dá a padà tí àrùn bá yọ lára rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan," ni Ìyá Fọ́tò tún un sọ. "Onyinyechi, yóò wà lọ́dọ̀ mi. Yíyẹ̀wò kò tíì parí."

Lọ́jọ́ kẹta, Onyinyechi pè é. "Bátìrì ni mò ń wò," ni ìdáhùn. Lọ́jọ́ karùn-ún ó tún pè. "Ó ń gbóná díẹ̀." Irọ́ ni. Kámẹ́rà náà tutù bí omi àmù. Ara Ìyá Fọ́tò gan-an ló ń gbóná. Láti bí ọdún méjì, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì ti ń rò ó pé kóun gbé iṣẹ́ sílẹ̀, kóun kàn máa ya pásípọ́ọ̀tù títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Àṣé ohun tó kù díẹ̀ kó má rí mọ́, kámẹ́rà yìí lè bá a rí i.

Lọ́jọ́ kẹfà, fóònù Onyinyechi dún. Usamah ni.

"Ìyá yín ará oko yẹn," ó ní, "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn lábẹ́ tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut. Ṣé kò sí o?"

Onyinyechi fò sórí kẹ̀kẹ́. Lóòótọ́, nígbà tó débẹ̀, ẹsẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ rí tó yọ síta, sálúbàtà ọ̀kan ti bọ́. Ìyá Fọ́tò da ikùn dé orí páálí, ó ń ya Ejiro mẹkáníìkì, tó ń tú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí Ìyá Fọ́tò ní kó dì mú sí ẹ̀bá ojú rẹ̀.

"Màámi, ṣé ibẹ̀ ni bátìrì wà?"

Orí Ìyá Fọ́tò kan irin gbì. Ó rá jáde, eruku bò ó, ó kọ́kọ́ wá irọ́ tì.

"Má bínú," ó ní nígbẹ̀yìn. "Mo rò pé iṣẹ́ ti parí lọ́wọ́ mi ni."

Onyinyechi gba kámẹ́rà náà pẹ̀lú ìbínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn fọ́tò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ pọ́ọ̀tù kan ń ṣàlùwàlá, omi ń já bọ́ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Kíláríńgì ejẹ́ǹtì kan, tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, sùn lórí ìwé ẹrù rẹ̀, bírò wà lẹ́nu rẹ̀. Ejiro nìyẹn nínú òkùnkùn, ọ́ìlì ń dán lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Onyinyechi kò mọ ibi tí ìbínú náà gbà lọ. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin yìí, kò rí irú èyí lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ fi máa yà," ó ní pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n kò sí bọ́ọ̀lù ní Jímọ̀. Jímọ̀ jẹ́ tiyín."

"Jímọ̀ àti Àlàmísì."

"Jímọ̀ nìkan, Màámi."

"Àlàmísì máa ń ní oòrùn tó dáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì," ni Ejiro ké láti abẹ́ tírélà, "ṣé kí n ṣì máa di tọ́ọ̀ṣì mú báyìí, àbí kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ?"