Bẹ́líìtì Òkun ní Ọjà Bouaké

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n tó ròyìn ohun tí ojú mi rí, ẹ bá mi kan sáárá sí bẹ́líìtì Múrí! Ó fẹ̀ bí ìgbànú ajagun, ó ní ìkọ́ irin níwájú. Ọba wo ló sán irú rẹ̀ rí?

Múrí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló sán an dé láti Bassam létí òkun, níbi tó ti kọ́ eré káìtì. Aṣọ ńlá kan ni, tó ń gba afẹ́fẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí wọ́n ń so mọ́ ìkọ́ bẹ́líìtì náà, tó sì ń fa ẹni tó dúró lórí pátákó kiri ojú òkun.

Bouaké kò lókun. Ìyẹn ò ní kí Múrí má sán bẹ́líìtì lọ ta léèsì lọ́jà Grand Marché láràárọ̀!

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ fẹ́ Sàmíátù. Àlàájì, bàbá ọmọ náà, tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ kọjú sí tiwa, ní òun ò lè fọmọ fún òpùrọ́.

"Afẹ́fẹ́ wo ló ń fa àgbàlagbà? Jẹ́ kí n fojú ara mi rí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ wá ìyàwó nínú òkun!"

Bí gbogbo wa ṣe wọkọ̀ lọ sí adágún tó wà lápá Sakassou lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn.

Múrí tẹ́ káìtì sílẹ̀. Ewé kan ò mì! Òógùn bò ó, Sàmíátù ń wolẹ̀. Àlàájì di etí aṣọ náà mú, ó ń fọwọ́ ra á, ó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta mítà kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Èmi? Kí n fi aṣọ sílẹ̀ láìmọ iye rẹ̀?"

Ìgbà yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ dé. Káìtì gbéra, Àlàájì ò jù ú sílẹ̀. Ṣé ẹ ti rí aláṣọ tó jẹ́ kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ òun rí? Agbádá rẹ̀ wú, ó di káìtì kejì! Àwọn apẹja létí omi pariwo pé Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ń fò. Ó sáré títí, ó fìdí jókòó gbàì sínú omi tí ò kọjá orúnkún.

A sáré lọ bá a bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún.

Àlàájì nu ojú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹjọ́ ti parí, afẹ́fẹ́ ń fa àgbàlagbà, kí Múrí wá mú ìyàwó rẹ̀. Sàmíátù ló kọ́kọ́ hó yèè! Ni Múrí bá gun pátákó, ó ń lọ ó ń bọ̀ lójú omi bíi lékeléke. Bàbá ìyàwó sì yá bẹ́líìtì ya fọ́tò.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Ẹ má bá afẹ́fẹ́ jiyàn. Ó lè gbọ́ yín. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti wọ̀ rí tó ju ibi tí ẹ ń lọ lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má tijú.

Èmi tí mò ń fi Múrí ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, èmi ni mo sán bẹ́líìtì náà wálé. Mo sì sán an lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ajé.