Ìlà Ìgbálẹ̀ Nígbà Ọyẹ́

Ẹ jẹ́ ká yin ìlà ìgbálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yin ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ̀ máa ń fà sójú iyẹ̀pẹ̀ níwájú ilé láàárọ̀, ọ̀ṣọ́ tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kì í kọjá ìgbà tí adìyẹ àkọ́kọ́ bá jáde. Ọba ò ní irú rẹ̀ láàfin. Ilé tí kò bá sí níwájú rẹ̀, àfàìmọ̀ kí ìyálé ibẹ̀ má ti kú, tàbí kó ti ya ọ̀lẹ, èyí tó burú ju ikú lọ.

Ní Òkókómàíkò níbi tí a ń gbé, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó ìyá onílé wa. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ọwọ̀ ló kàn. Ó dùn mọ́ wa yíká ọdún, àfi ìgbà ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ọmọ Èkó. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà, lápá Chad lọ́hùn-ún, ni atẹ́gùn ti ń gbé e bọ̀ láìsan owó ọkọ̀, tí yóò wá sùn sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó pọ̀ débi pé a kì í rí òdìkejì títì márosẹ̀. Bó bá sì ti balẹ̀ lóru, ìyá onílé á tún gbá a dìde láàárọ̀.

Ìyá ìyàwó mi ló ń jìyà rẹ̀. Àsímà ń bá wọn jà. A mú wọn wá láti Ìsẹ́yìn nítorí pé ọyẹ́ ibẹ̀ le ju tiwa lọ. A ní afẹ́fẹ́ òkun á gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọwọ̀ bá ti dún lábẹ́ fèrèsé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fín sẹ́nu ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ní àwọn ń padà sílé.

“Bó bá jẹ́ eruku ló máa pa mí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tilé wa.”

Mo lọ bá ìyá onílé. Mo ṣàlàyé aṣálẹ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀dọ̀fóró, ó kù díẹ̀ kí n béèrè ṣọ́ọ̀kì.

“Chad,” ni wọ́n wí. “Tíṣà, ṣé ará Chad ló máa bú mi bí mi ò bá gbálẹ̀, àbí ará àdúgbò?”

“Àlàájà, Màmá ò lè mí dáadáa ni.”

“Ẹ ò bá ti fi ìyẹn ṣáájú. Ta ló bi yín léèrè Chad?”

Láti ọjọ́ kejì, wọ́n ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Lọ́jọ́ tí eruku bá nípọn jù, wọn kì í fọwọ́ kan ọwọ̀ rárá. Màmá ò padà sílé mọ́. Bí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, tí ojú ọjọ́ sì mọ́, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa mu ògì gbígbóná.

“Ẹ ti sọ mí di ọ̀bùn lójú ayé,” ni ìyá onílé máa ń wí fún wọn.

“Ọ̀bùn tó jẹ́ kí n mí, Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ẹ.”

Ní Sátidé kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ni ní yunifásítì ní àwọn ń bọ̀ wá kí mi. Ìyá onílé ti lọ sọ́jà. Mo wo iwájú ilé: eruku àti ipa ẹsẹ̀ adìyẹ, kò sí ìlà kankan. Mo bu omi, mo wọ́n ọn dáadáa, nítorí Màmá. Lẹ́yìn náà mo mú ọwọ̀, mo fa ìlà náà gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé géètì. Ìlà yẹn ò kan Màmá. Nítorí ohun tí àwọn àlejò máa sọ ni. Èmi náà ṣe é.