Eyín Asín àti Orúkọ Àpọ́nlé

Orogún mi ni Ojúọlápé, èmi ni ìyáálé ẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé mo kàn ń yìn ín. Ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ wa ní Ogbooro ni mo ti ń pè é ní ọmọ eléku. Eku yíyan títà ni Àpọ́nlé, ìyá ẹ̀, fi tọ́ ọ dàgbà. Ìyá yẹn ti kú, kò sì sẹ́ni tó tún ń dárúkọ ẹ̀. Ìyá Eléku náà ni gbogbo wa ń wí. Ó ń dun Ojúọlápé gan-an.

Eku yíyan ní wàhálà tiẹ̀. Bí asín bá wọ àárín eku lórí iná, tí gbogbo wọn bá gbẹ tán, ojú ò lè dá a mọ̀. Oníbàárà tó bá sì se asín, òórùn ẹ̀ nìkan á lé ará ilé síta. Àpọ́nlé wá kọ́ ọmọ ẹ̀ pé kó máa la ẹnu wọn wò. Eku ní eyín gígùn níwájú, àlàfo á wà, kó tó kan eyín ẹ̀yìn. Ti asín ṣóńṣó ṣóńṣó ni, ó tò tẹ̀ léra láìsí àlàfo, torí kòkòrò ló ń jẹ.

Lọ́dún 1978, Dókítà Cornelius, olùkọ́ yunifásítì kan, wá ń gbẹ́ ilẹ̀ inú ihò àpáta ẹ̀yìn oko wa, ó ń wá egungun ayé àtijọ́. Àwa méjèèjì là ń gbé oúnjẹ lọ fún òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi egungun párì kékeré kan hàn wá nínú páálí ìṣáná, ó ní ti eku ni.

Ojúọlápé wò ó. "Dókítà, ẹ má bínú o. Asín ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo fi ìgúnpá gún un. Ó sáré wálé, ó gbé orí eku kan àti orí asín kan dé, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun náà.

"Ìyá mi ló kọ́ mi. Bí mo bá ṣì í, ìyá mi ló ṣì í."

Dókítà yọ awò ojú ẹ̀, ó wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa fi egungun náà ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ obìnrin yìí. Àfi bí Dókítà ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ eléku!

"Asín ni, Ìyá! Irú ẹ̀ ti tán láyé tipẹ́tipẹ́, kò sí nínú ìwé kankan. A fẹ́ fún un lórúkọ, orúkọ yín la fẹ́ lò."

Mo hó yèè. Ojúọlápé fò sẹ́yìn.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹranko tó ti kú tán, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ èmi tí mo wà láàyè pè é?" Ojú Dókítà rọ̀. Ohùn Ojúọlápé náà wá rẹlẹ̀. "Àpọ́nlé ni kẹ́ ẹ kọ. Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ náà sí dé, Dókítà fi ìka tọ́ka sí i fún wa. Wọ́n ti so ìrù Látìnì, èdè tí wọ́n fi ń sọ ẹranko lórúkọ nínú ìwé, mọ́ ọn nídìí, ṣùgbọ́n Àpọ́nlé ni, ó hàn kedere. Ojúọlápé ń fi àtàǹpàkò pa á lára, ó ń sunkún. Orí mi wú bí ìgbà tó jẹ́ pé ìyá tèmi ni.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìdí kànga, ọmọbìnrin kan ní kí ọmọ eléku sún fún òun. Èmi tí mo kọ́ gbogbo wọn ní orúkọ yẹn ni mo sọ korobá kalẹ̀.

"Ọmọ Àpọ́nlé ni. Ó yá, tún un pè!"

Ó sì tún un pè.